Àṣìṣe tẹ́ ẹ máa ń ṣe tẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó máa bá yín tọ́jú ajá tàbí ológbò

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ó ti lé lọ́dún 9 tí mo ti ń bá àwọn tó rìnrìn àjò mójú tó ẹran ilé wọn, àṣìṣe kan náà ni mo sì ń rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá obìnrin kan pè mí tẹkúntẹkún pé ológbò òun ti sọnù mọ́ ẹni tóun gbé e fún lọ́wọ́. Mo ní ìgbà wo lẹ mọ ẹni ọ̀hún, ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tóun ń lọ ni. Ẹ ò jẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín fún ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, àmọ́ ẹ gbé nǹkan ẹlẹ́mìí fún un.

1. Owó tó kéré jù lẹ̀ ń wá. Ẹ bi onítọ̀hún pé ẹran mélòó ló máa wà lọ́dọ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ máa rí ibi tí ẹ̀dínwó yẹn ti wá.

2. Ẹ gbọ́ "mo fẹ́ràn ajá gan-an", ọkàn yín sì balẹ̀. Ẹnu dùn ún ròfọ́ o! Ìbéèrè ni kẹ́ ẹ bi í: tí akọ ológbò mi bá ń lọ ń bọ̀ níbi tó ń tọ̀ sí tí nǹkan kan ò jáde, kí lẹ máa ṣe? Ẹni tó mọṣẹ́ máa ní òun á gbé e lọ bá dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru, torí kí ìtọ̀ há mọ́ akọ ológbò nínú, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ó lè pa á. Ẹni tó bá ní "á wò ó dọ̀la", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ wá ẹlòmíì. Ẹ tún bi í nípa ẹran tí ò jẹun. Ológbò tí ò fẹnu kan oúnjẹ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ̀dọ̀ ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bà jẹ́, ehoro ò tiẹ̀ ní sùúrù yẹn, wákàtí 12 ti pọ̀ jù fún un.

3. Ọmọ aládùúgbò. Ọmọ tí ajá lè wọ́ nílẹ̀ ò lè mú ajá yín jáde.

4. Ẹ kì í dán ẹni náà wò kẹ́ ẹ tó lọ. Èyí ló ń bí mi nínú jù lọ.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ tuntun nídìí iṣẹ́ yìí, ọkùnrin kan gbé ajá ńlá kan wá bá mi, ẹrù ti wà nínú mọ́tò, kò tiẹ̀ paná ọkọ̀, ó ní ajá náà jẹ́jẹ́ ni, mo sì gbà á. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, ó yẹ kí n ní rárá. Kò sọ fún mi pé ó máa ń bẹ̀rù àlejò, èmi náà ò sì fìka wo okùn ọrùn ẹ̀. Kò tó wákàtí kan, mo ṣílẹ̀kùn, ló bá yọrí nínú okùn, ó di eré. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, àmọ́ èyí ò mọ fèrè tèmi rárá, níbo ló ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Òru méjì ni mi ò sùn. Mo tẹ́ aṣọ tí olówó ẹ̀ wọ̀ síbi tí wọ́n ti rí i gbẹ̀yìn, mo gbé oúnjẹ sí i, mo bẹ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n má lé e, kí wọ́n má pè é, torí ajá tẹ́rù bá, téèyàn bá ń lé e ńṣe lá máa jìnnà sí i. Ìdájí ọjọ́ kẹta ló wá dùbúlẹ̀ sórí aṣọ yẹn.

Látìgbà yẹn, ẹran tí ò bá tíì sun ilé mi lálẹ́ kan nígbà tí olówó ẹ̀ ṣì wà nítòsí, mi ò gbà á. Kẹ́yin náà máa bèèrè bẹ́ẹ̀. Kó kọ́kọ́ wá sílé yín, kẹ́ ẹ wo ọwọ́ ẹ̀: ṣé ó jókòó kí ológbò fúnra ẹ̀ wá bá a, àbí ó kàn kì í mọ́lẹ̀? Ẹ jọ mú ajá rìn, kẹ́ ẹ wò ó bóyá á fìka méjì wọn okùn ọrùn, torí tó bá ju ìka méjì lọ orí ajá lè yọ. Lẹ́yìn náà kí ẹran sùn lọ́dọ̀ ẹ̀. Ìgbà kejì tí ajá bá rí i, tó bá ti ki ìrù bọ abẹ́, ẹ ti gbọ́ èsì yín. Tí ò bá sì béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ sá, torí ó túmọ̀ sí pé kò bèèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù náà, kòkòrò parvo tó ń mú kí ajá máa bì, kó máa ṣu ẹ̀jẹ̀, tó sì lè pa á, lè wà nínú ilé kan fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò náà ńkọ́? Oníbàárà mi kan gba fọ́tò ajá ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún lọ́wọ́ ẹlòmíì tó ń bá a tọ́jú ẹ̀ kó tó ṣàkíyèsí pé àbàwọ́n kan náà ló wà létí abọ́ omi nínú gbogbo ẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ya gbogbo ẹ̀! Fídíò ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ sì máa pè láìsọ tẹ́lẹ̀.

Ẹ kọ̀wé sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ẹranko yín pé ẹni báyìí lè gbé ẹran mi wá, iye báyìí lẹ lè ná tẹ́ ẹ ò bá rí mi. Ajá kan tí àyà ẹ̀ jìn wà lọ́dọ̀ mi, inú ẹ̀ wú lójijì, ó ń gbìyànjú láti bì, nǹkan kan ò jáde. Ikùn ẹ̀ ló ti lọ́, wákàtí díẹ̀ péré nirú ẹ̀ máa ń fúnni. Olówó ẹ̀ wà lójú òfuurufú. Ìwé yẹn ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì yè.

Tí ẹran yín bá ń gba ínsúlínì, ìyẹn abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ, kí onítọ̀hún gún un lójú yín. Kó sì mọ̀ pé tí ò bá dá a lójú pé òun ti gún un, kó má gún un lẹ́ẹ̀kejì, torí àgúnlé léwu ju kó fo ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kó má fún ológbò ní paracetamol láé, ó ń pa á.

Ajá tó sá mọ́ mi lọ́wọ́ yẹn, microchip, ìyẹn ẹ̀rọ tín-ín-tín tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, wà lábẹ́ awọ ẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ti kú tipẹ́. Ẹ yẹ tiyín wò lónìí, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà ẹni tó máa bá yín tọ́jú ẹ̀ kún un kẹ́ ẹ tó jáde nílé.