Bí a ṣe ń kó abọ́ tíì Jàpáánì jọ: da ojú rẹ̀ dé kí o tó sanwó

Chawan ni wọ́n ń pe abọ́ amọ̀ tí àwọn ará Jàpáánì fi ń po matcha, ìyẹn ewé tíì tí wọ́n lọ̀ kúnná bí àtíkè. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó o jọ sábà máa ń fi àwọ̀ yàn án. Ìdí ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. Lókè, ọ̀dà tó ń dán bí dígí lè bo àléébù mọ́lẹ̀. Nísàlẹ̀, níbi tí ọ̀dà kì í sábà dé, amọ̀ wà ní ìhòòhò, o sì lè rí ibi tí ọ̀bẹ amọ̀kòkò gbà kọjá. Kodai ni orúkọ ìdí náà.

Èyí tó wọ́pọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12 lẹ́nu, ó sì ga tó 7 tàbí 8. Wọ́n ń mọ èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ fún ìgbà ooru kí tíì lè tètè tutù, wọ́n sì ń mọ èyí tó ṣe gbọọrọ bí ife fún ìgbà òtútù. Abọ́ ìrẹsì náà ń jẹ́ chawan lẹ́nu wọn o. Bí o bá ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, matcha-jawan ni kí o tẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ abọ́ oúnjẹ ni wàá máa rí.

Má ṣe kó gbogbo ẹ̀yà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mú ẹyọ kan, kí ojú rẹ mọ̀ ọ́n, kó o tó bọ́ sórí òmíràn. Àwọn tó ń po tíì ní ọ̀rọ̀ kan: Raku lákọ̀ọ́kọ́, Hagi ìkejì, Karatsu ìkẹta.

Raku jẹ́ ti ìlú Kyoto. Amọ̀kòkò kan tó ń jẹ́ Chojiro ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún Sen no Rikyu, ọ̀gá tíì tó kú lọ́dún 1591. Wọn kì í fi kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò tó ń yí mọ ọ́n. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, ọ̀bẹ ni wọ́n sì fi ń gé e. Nígbà tí èyí tó dúdú bá ṣì ń pọ́n yòò nínú ààrò ni wọ́n ti ń fi ẹ̀mú fà á yọ, nítorí náà o lè rí ojú ẹ̀mú níhà kan ara rẹ̀. Amọ̀ rẹ̀ rọ̀, ó sì ń mu omi, ìdí nìyẹn tí ooru kì í fi í tètè jó ọwọ́. Àwọn amọ̀kòkò Amẹ́ríkà ní nǹkan mìíràn tí àwọn náà ń pè ní raku, tí wọ́n ń tì bọ inú igi lílọ̀ kí èéfín lè yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ìyẹn kì í ṣe abọ́ tíì, má mu nǹkan nínú rẹ̀.

Hagi, ní ẹkùn Yamaguchi, ti ọwọ́ àwọn amọ̀kòkò Kòríà wá, àwọn tí wọ́n kó wá sí Jàpáánì lásìkò ogun 1592 sí 1598. Ọ̀dà rẹ̀ kún fún ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ilé aláǹtakùn. Tíì ń gba inú àwọn ìlà náà wọlé, àwọ̀ abọ́ sì ń yí padà bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Wọ́n sábà máa ń gé ibì kan kúrò létí ìdí rẹ̀. Lójú tiwa, Hagi ló yẹ kí ẹni tuntun fi bẹ̀rẹ̀: àwọn tó ń mọ ọ́n ṣì pọ̀ láyé, owó rẹ̀ kò sì tíì gani lára.

Karatsu, ní Kyushu, ní amọ̀ tó dà bí iyanrìn. Níbi tí ọ̀bẹ ti gé ìdí rẹ̀, amọ̀ a máa hunjọ wínníwínní bí aṣọ tí a rún. Ti Shino, ní agbègbè Mino, yàtọ̀: ọ̀dà funfun tó nípọn, tó ní ihò kéékèèké bí èèpo ọsàn. Ó pẹ́ tí wọ́n ti gbà pé ìlú Seto ni Shino ti wá, àfi ìgbà tí amọ̀kòkò Arakawa Toyozo rí àpáàdì rẹ̀ ní Mino lọ́dún 1930. Bí o bá dé Tokyo, Unohanagaki, abọ́ Shino tí ìjọba kà sí ìṣúra orílẹ̀-èdè, wà ní Mitsui Memorial Museum, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pàtẹ rẹ̀.

Ó kù bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Tẹ́ aṣọ sílẹ̀, kó o fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ náà. Má ṣe gbá a mú létí, má sì gbé e jìnnà sí aṣọ. Fi ìka yí ẹnu rẹ̀ ká pẹ̀lú ojú pípadé: níbi tí wọ́n bá ti tún un ṣe, ìka á yọ̀ tàbí kó kọ́ lójijì. Lẹ́yìn náà, tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ inú ọ̀dà kì í ṣe àléébù. Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bani ni ìlà kan ṣoṣo tó ti ẹnu abọ́ sọ̀ kalẹ̀, tó hàn nínú tó sì hàn lẹ́yìn: ó ti sán nìyẹn. Fi èékánná kàn án jẹ́jẹ́. Abọ́ tí iná rẹ̀ dé dáadáa a máa dún gooro, bó bá sán, á dún kò. Ṣùgbọ́n Raku kì í dún gooro rárá, kódà kó pé pérépéré, má torí ìyẹn kọ̀ ọ́. Nínú òkùnkùn, tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó wò sábà máa ń mú kí gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà ìgbàlódé tàn yàtọ̀ sí ara abọ́.

Wàyí o, da ojú rẹ̀ dé. Abọ́ tó ti pẹ́ máa ń dán níbi tó fi ń kan ilẹ̀ nìkan. Kọ̀rọ̀ inú kodai á ṣì rí ṣákaṣàka. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń fi sáńpépà ha gbogbo rẹ̀, tàbí kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú tíì kíkorò kí ìlà rẹ̀ lè pọ́n. Ohun tó ń tú wọn fó ni pé àwọ̀ náà dọ́gba níbi gbogbo, títí kan ibi tí tíì kò lè dé.

Àpótí ńkọ́? Tomobako ni àpótí tí wọ́n fi igi tó ń jẹ́ kiri kàn, tí amọ̀kòkò fúnra rẹ̀ kọ orúkọ sí, tó sì tẹ òǹtẹ̀ pupa mọ́. Fi ìkọ̀wé náà wé ti àpótí mìíràn tó jẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ń ta àpótí òfìfo, ẹnikẹ́ni sì lè ki abọ́ mìíràn bọ̀ ọ́, nítorí náà gbé abọ́ sínú rẹ̀ wò: bó bá ń mì jìgìjìgì tàbí tó há, bi ẹni tó ń tà á léèrè. Bí o bá rí utsushi lórí rẹ̀, kì í ṣe ayédèrú. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n fi abọ́ àtijọ́ kan ṣe àwòkọ́ṣe, láì purọ́.

Má fojú di abọ́ tí wọ́n fi wúrà tún ṣe. Oje igi urushi ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó da lẹ́búlẹ́bú wúrà lé e, ó sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà aláwọ̀ wúrà ṣe lọ́jọ́ kan dára fún wíwò, kì í ṣe fún tíì gbígbóná.

Abọ́ tí a ò lò kì í dàgbà, nítorí náà lò ó. Kọ́kọ́ rẹ Hagi, Karatsu tàbí Shino sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá jẹ́ tuntun, jẹ́ kó sùn sínú omi mọ́jú, kí omi ti gba ihò inú amọ̀ kí tíì tó dé. Má da omi híhó sí Raku tó tutù, ó lè sán. Gírámù 2 matcha àti mìlílítà 70 omi tí ooru rẹ̀ jẹ́ 80°C ló tó fún ẹnì kan. Lẹ́yìn náà, omi gbígbóná nìkan ni kó o fi ṣàn án. Ọṣẹ máa ń wọ inú amọ̀, wàá sì máa tọ́ ọ wò nínú tíì ọjọ́ kejì.

Ohun tó ń ba abọ́ jẹ́ jù ni dídá a padà sínú àpótí kó tó gbẹ. Ara rẹ̀ lè gbẹ láàárọ̀ kí ọ̀rinrin ṣì wà nínú amọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni kó o fún un, ó kéré tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò bu, funfun á hù sí i nídìí. Bí Hagi bá ti ń rùn, tẹ́ aṣọ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, fi abọ́ sínú omi tútù, kó o fi iná kékeré gbé e dé híhó fún ìṣẹ́jú 10, kó o sì jẹ́ kó tutù sínú omi náà. Má ṣe èyí fún Raku, tàbí fún abọ́ tó ní wúrà lára. Bí Hagi tuntun bá ń làágùn nídìí, gbé àwo sábẹ́ rẹ̀, kó o sì rẹ ẹ́ sínú omi ìrẹsì ṣíṣàn mọ́jú. Bó bá ṣì ń jò lẹ́yìn oṣù díẹ̀, padà sídìí tọ́ọ̀ṣì rẹ, kó o wá ibi tó ti sán.