Bí mo ṣe padà sí oko kòkó bàbá wa

Oṣù méje ni àdá mi fi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Láti Oṣù Kẹwàá 2022 di Oṣù Kẹrin 2023, mi ò fẹsẹ̀ kan oko kòkó tí bàbá wa fi sílẹ̀ lọ́nà Ìdànrè, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ kò jìnnà sí ilé mi ní Àkúrẹ́ débi tí màá fi fi ọ̀nà ṣe àwáwí. Tí mo bá fẹ́ gbálẹ̀, màá gbé àdá náà sápá kan. Tí mo bá gbálẹ̀ tán, màá dá a padà sáyè rẹ̀. Ó ti dógùn-ún. Ẹni tó ń bá wa mójú tó oko á pè, màá máa wo fóònù títí á fi dákẹ́.

Ọ̀lẹ kọ́ ló ń ṣe mí. Aago márùn-ún ni mò ń jí lọ sí Ọjà Ọba, níbi tí mo ti ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà, ọjà ò sì fìgbà kan sú mi. Oko yẹn nìkan ni ara mi kọ̀. (Ẹni tí oúnjẹ ò bá lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́, tí kò rí oorun sùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kó lọ rí dókítà o. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ń jẹun dáadáa, kódà mo sanra sí i.)

Òjò 2022 ló bà mí nínú jẹ́. Ọdún yẹn ni omíyalé da ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Nàìjíríà rú. Lọ́dọ̀ tiwa, omi ò gbé ilé lọ, àmọ́ òjò ò jẹ́ kí abẹ́ kòkó gbẹ rárá, àrùn tó ń sọ èso di dúdú sì rí àyè. Ẹni tó bá ti rí i rí á mọ̀ ọ́n: àmì kékeré kan á kọ́kọ́ yọ lára èso, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo rẹ̀ á ti dúdú bí èédú, á sì ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti ra oògùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a fọ́n ọn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni òjò fọ̀ ọ́ dànù. Àpò mẹ́rìnlá là ń retí, mẹ́ta péré la rí. Ibi tí mo ti ń rò ó ni ọ̀rọ̀ owó tuntun dé ní Oṣù Kejì 2023, tí owó bébà ṣọ̀wọ́n bí ojú, tí àwọn tó ń ra kòkó fi ń sọ pé àwọn á fi owó ránṣẹ́ sí báńkì, owó náà ò sì ní wọlé. Mo kúkú gbàgbé oko. Àwọn àbúrò mi ọkùnrin méjèèjì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ká gé ilẹ̀ náà sí pùlọ́ọ̀tì, ká tà á.

Ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìdànrè. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni wọ́n nígbà yẹn, ọ̀kan lára àwọn ọmọ tó wọ iléèwé lọ́dún 1955 tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọn ò sì yé sọ pé owó kòkó ló ra síléètì àwọn. Mo ti ro ẹjọ́ mi sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní (èdè Ìdànrè ni wọ́n fi sọ ọ́, èmi ni mo yí i sí èyí tí gbogbo wa gbọ́):

“Àbẹ̀kẹ́, ọdún wo ni bàbá rẹ gbin oko yẹn?”

“1981 ni mo gbọ́, bàbá.”

“Ọdún wo ló kọ́kọ́ gbé odidi àpò kan jáde níbẹ̀?”

Mi ò mọ̀.

“1986. Ọdún márùn-ún ló fi ro oko tí kò fún un ní nǹkan kan ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ. Ìwọ wá ń bínú sí igi tó ti lé lógójì ọdún pé kò bímọ tó. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún sí i, kí lo fẹ́ kó bá?”

Inú bí mi. Ẹni tí gbèsè ń lé, ogún ọdún wo ló kàn án? Mo jẹ iyán tí wọ́n gbé fún mi, mo dágbére. Ìbéèrè náà sì bá mi wọ ọkọ̀ dé Àkúrẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ Wẹ́sídeè ni mo mú ìwé kékeré kan tí ọmọ mi ò lò tán níléèwé, mo kọ “2043” sókè rẹ̀. Ogún ọdún sí ìgbà yẹn ni, èmi náà á ti pé ọgọ́ta. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ò wúlò fún nǹkan kan. Mo kọ ilé alájà méjì, mo kọ ọkọ̀, mo kọ pé àwọn ọmọ mi á wà lókè òkun, mo kọ iye mílíọ̀nù tí màá ní ní báńkì. Nígbà tí mo kà á, ó dà bí ìwé àdúrà tí wọ́n ń ní ká kọ lálẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tó mẹ́nu kan kòkó. Àwọn tó máa ń gba gbohùngbohùn, tí wọ́n á ní kéèyàn ṣáà lálàá ńlá, irú èyí ni wọ́n ń kọ́ni, mo sì lè búra pé kò gbé mi dìde lórí àga.

Mo ya ojú ìwé náà. Lọ́jọ́ kejì, mo yí ìbéèrè náà padà sí bí bàbá ṣe bi mí í: ẹni tó bá wọ oko yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú Oṣù Kọkànlá 2043, kí ni ojú rẹ̀ máa rí? Ọ̀rọ̀ wá jáde. Mo kọ ọ́ pé láti etí títì dé odò kékeré tó wà nísàlẹ̀, oòrùn ò ní kan èèyàn lórí. Mo kọ pé koríko ò ní sí, torí níbi tí ewé kòkó bá ti pàdé lókè, koríko kì í fi bẹ́ẹ̀ hù nísàlẹ̀. Pèpéle sìmẹ́ńtì á wà tí a ó máa sá kòkó sí, dípò ọ̀rá tí a ń tẹ́ sí ẹ̀bá títì. Òórùn kòkó tó wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti ọjọ́ márùn-ún á gba gbogbo ibẹ̀ kan, òórùn tí mo kórìíra nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọmọ kékeré kan, ọmọ ọmọ mi, á jókòó sórí òkúta, á máa mu omi dídùn ara kòkó, á máa tu kóró rẹ̀ sínú agbọ̀n bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ibi tí mo kọ ti ọmọ yẹn dé ni mo ti sunkún. Mi ò mọ ìdí rẹ̀.

Ẹkún nìkan ò lè ro oko, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún padà sẹ́yìn. Kí gbogbo ojú oko tó lè bò ní 2043, kòkó tuntun gbọ́dọ̀ ti máa so dáadáa ní nǹkan bí 2032. Kí wọ́n tó lè so tó bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀ ní òjò 2024. Tí wọ́n bá máa wọ ilẹ̀ nígbà náà, inú ọ̀rá ló yẹ kí wọ́n wà láti Oṣù Kejìlá 2023, torí wọ́n ń lò tó oṣù márùn-ún sí mẹ́fà kí wọ́n tó ṣeé lọ́. Kòkó kékeré ò sì fẹ́ oòrùn, nítorí náà ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó máa ṣíji bò ó gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ ní òjò ọdún yẹn gan-an, 2023. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mélòó? Bí àlàfo bá ṣe pọ̀ tó ni. Àlàfo mélòó ló wà? Ìbéèrè yẹn ni mo dúró lé. Iṣẹ́ tí 2043 gbé fún mi lọ́sẹ̀ náà ni pé kí n lọ ka igi.

Kí n lọ ka igi nìkan. Kò sí ríro, kò sí fífọ́n, kò sí owó tó máa jáde lápò mi. Mo rò pé ìyẹn ló jẹ́ kí n lè lọ.

Ọjọ́ Sátidé, mo fi òkúta pọ́n àdá, mo lọ. Koríko ti dé mi láyà. Ẹni tó ń bá wa mójú tó oko wò mí títí, ó ní, “Ìyá Tóbi, mo rò pé ẹ ti tà á ni.” Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń la ọ̀nà níwájú, èmi ń fa igi sínú ìwé, a sì ń ri èèkàn mọ́ ibi tí àlàfo bá wà. Sátidé mẹ́ta ló gbà wá. Tí wọ́n bá gbin kòkó ní ẹsẹ̀ 10 sí ẹsẹ̀ 10, ẹ́kà kan máa ń gba igi bíi 435, ẹ́kà mẹ́rin tiwa sì yẹ kó ní bíi 1,740. Igi 1,092 la kà. Àlàfo 648. Ó yẹ kí iye yẹn bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n ṣe ni mo ń rẹ́rìn-ín bọ̀ nílé. Láti ọjọ́ tí mo ti ń pariwo pé oko ti bàjẹ́, ìgbà yẹn ni mo tó mọ ibi tí ó bàjẹ́ dé.

Mi ò ní fi gbogbo òjò ọdún yẹn da yín láàmú. A gé àfòmọ́, a já gbogbo èso dúdú tó gbẹ sórí igi, a kó wọn jìnnà torí inú wọn ni àrùn ń sùn sí, a sì gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ igba.

Oṣù Kejìlá 2023, mo ra èso kòkó, irú èyí tí iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó ní Ìdí-Ayunrẹ́, Ìbàdàn, mú jáde, tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í so ní bí ọdún kejì sí ìkẹta. Èso kan ń ní kóró bí ọgbọ̀n sí ogójì, ó sì gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀ kíá tí wọ́n bá ti là á, kò dà bí àgbàdo tí wọ́n ń fi há àjà. Ọ̀rá dúdú 700 ni mo kún, mo tò wọ́n sí oko lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ.

Oṣù Kìíní 2024, ọyẹ́ dé, ó tún sú mi. Bó ṣe sú mi ní 2022 gẹ́lẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mi ò fi lọ bomi rin wọ́n. Mo ṣí ìwé mi, mo ka ti ọmọ orí òkúta, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo ń sọ èyí torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi: ìwé náà kì í ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ohun tó yọ mí ni pé mo háyà ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, mo kó gbogbo ọ̀rá náà wá sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Àkúrẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ fọ ẹnu, wọ́n wà lójú mi. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù. Ewúrẹ́ aládùúgbò jẹ ọgọ́rin ó lé nínú wọn, a jà, a parí rẹ̀.

Oṣù Kẹta ọdún kan náà ni iye kòkó lágbàáyé kọjá dọ́là 10,000 fún tọ́ọ̀nù kan, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Gánà àti Côte d'Ivoire, tí èyí tó ju ìdajì kòkó ayé lọ ń ti ọwọ́ wọn wá, ni ọwọ́ wọn ò kún. Òjò àti àrùn ló fà á, àrùn èso dúdú yìí kan náà sì wà níbẹ̀. Nàìjíríà kì í tún dá iye lé kòkó láti 1986 tí ìjọba ti fagi lé ìgbìmọ̀ tó ń rà á, nítorí náà bí owó ṣe ń gòkè lóde ló ń gòkè ní Ìdànrè. Àwọn èèyàn ń sun oko ṣọ́ kòkó wọn. Àbúrò mi, ẹni tó fẹ́ ta pùlọ́ọ̀tì, pè mí: “Sìsítà mi, mélòó la ní nílẹ̀?” Mo wo ẹ̀yìnkùlé. Mo ní a ní ọ̀rá 610.

Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Àmọ́ mo tún ìwé náà kà, mo sì rí i pé mi ò kọ iye tí wọ́n ń ra kòkó sí ibì kankan nínú 2043. Mo kọ òjìji, mo kọ òórùn, mo kọ ọmọ. Nígbà tí owó náà wálẹ̀ ní 2025, tí ọ̀pọ̀ tó sáré gbin kòkó ní ẹ̀rùn ti ń bú ìjọba, èmi ń lọ sóko ní Sátidé bí mo ṣe ń lọ.

A lọ́ wọn ní òjò 2024. Ẹ̀rùn pa àwọn kan, a fi òmíràn dí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mi ò tíì san gbèsè alájẹṣẹ́kù tán, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń bá mi san án díẹ̀díẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, òdòdó yọ lára igi tuntun, ní ìlà kejì. Ọ̀pọ̀ èso kékeré tó tẹ̀ lé e ti dúdú, wọ́n gbẹ. Àyà mi já, kí wọ́n tó ṣàlàyé fún mi pé igi ló ń dá èyí tí kò lè gbé dúró, kì í ṣe àrùn. Mẹ́tàdínlógójì ló ṣẹ́ kù nígbà tí mo kà wọ́n kẹ́yìn. Mo pe bàbá ní Ìdànrè. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn wọ́n.

Ohun tó wà nínú ìwé fún Sátidé yìí: pààrọ̀ igi 41 tó kú, láti ìlà kẹrin dé ìkẹfà. Mo ti ra bàtà òjò tuntun, ti àtijọ́ ti lu.