Bí A Ṣe Ń Fi Ooru Ààrò Gààrí Tan Iná

Bí wọ́n bá ń yan gààrí láyìíká Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ààrò kì í sinmi bọ̀rọ̀. Ooru tó ń ṣòfò lẹ́nu rẹ̀ tó láti tan gílóòbù LED kékeré.

TEG ló ń ṣe iṣẹ́ náà: pátákó pẹlẹbẹ tó ní wáyà pupa àti dúdú. Bí ojú rẹ̀ kan bá gbóná tí èkejì sì tutù, iná á jáde. Láti 1821 ni Thomas Seebeck, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ti ṣàkíyèsí rẹ̀.

Ẹ ra mẹ́rin nínú TEG tí wọ́n ń pè ní SP1848-27145. Ẹ má gba TEC1-12706 bí wọ́n tilẹ̀ jọra. Mímú nǹkan tutù ni iṣẹ́ tirẹ̀, òjé inú rẹ̀ á sì yọ́ ní 138°C. Ẹ dán wọn wò ní ṣọ́ọ̀bù: ẹ so wáyà rẹ̀ mọ́ mítà tí a fi ń wọn fóòtì, ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi píọ̀ wọ́tà tó tutù nini lé e lórí. Bí mítà kò bá mira, ẹ dá a padà.

Ẹ tò ó ní méjì-méjì sáàárín àlùmíníọ́mù 2, sẹ̀ǹtímítà 12 sí 12, tó nípọn tó mílímítà 5. Gírísì funfun tí àwọn atúnkọ̀ǹpútàṣe ń lò ni kí ẹ fi pa ojú méjèèjì, kó fẹ́lẹ́. Bó bá ti pọ̀, òun gan-an á dí ooru lọ́nà. Bóòtù 4 ló wà nígun. Ẹ máa dè é díẹ̀díẹ̀ láti igun dé igun tó kọjú sí i, torí bí apá kan bá le jù, tánganran ara rẹ̀ á là.

Ẹ so wáyà pupa èyí mọ́ dúdú èkejì, títí dé ìkẹrin. Wáyà 2 tó kù ń lọ sínú buck-boost converter, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé fóòtì sókè tàbí sílẹ̀ kó lè jẹ́ 5. Ẹ kọ́kọ́ fi mítà wò ó: bí ojú TEG bá dorí kodò, pupa á di òdì, converter á sì jó.

Orí ẹ̀yín iná ni kó wà, kì í ṣe inú ọwọ́ iná. Bí omi tí ẹ ta sí àlùmíníọ́mù ìsàlẹ̀ bá ń sáré kiri bí ìlẹ̀kẹ̀, ó ti kọjá 150°C tí TEG lè gbà. Ẹ yọ ọ́ kíá.

Ojú tó yẹ kó tutù gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ gbé ìkòkò àlùmíníọ́mù olómi líítà 5 lé e lórí, pẹ̀lú gírísì nídìí rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ ooru bá jẹ́ 60°C, ẹ ó rí bíi wáàtì 1. Àmọ́ bí omi bá hó, kíkoná mọ́ ọn kò lè gbà á là, iná á kàn rẹlẹ̀ ni. Bí ọwọ́ kò bá ti gba omi náà mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ fi ti tẹ́lẹ̀ fọ agbada.

Bó bá jẹ́ fóònù lẹ fẹ́ ṣáàjì, ti ńlá sábà máa ń kọ irú iná yìí. Páwà báǹkì ni kí ẹ so mọ́ ọn. Èyí tó jẹ́ 10,000 mAh kò lè kún lọ́jọ́ kan.