Oníjìbìtì ń fi orúkọ ilé-iṣẹ́ yín gba èèyàn síṣẹ́: ohun tí ẹ máa ṣe

Ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́ ni mo ń bójú tó ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ mẹ́gáádì ni ìròyìn jìbìtì yìí ti kọ́kọ́ ń dé. Ọ̀dọ́ kan á dúró sí géètì láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó ti múra dáadáa, fáìlì wà lábíyá, á ní òun wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rí nínú wa.

Nítorí náà, kí ẹ tó pe lọ́yà, ẹ kọ́ mẹ́gáádì àti ẹni tó ń gbé fóònù ní ohun tí wọ́n á ṣe. Kí wọ́n má lé e. Kí wọ́n fún un ní ìjókòó àti omi, kí wọ́n sì pe ẹni tí ẹ ti yàn sídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí wọ́n jà lólè nìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ẹ̀rí wà.

Ẹ gba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ayédèrú tí wọ́n fún un, nọ́ńbà tó pè é, orúkọ àti nọ́ńbà akáǹtì tó sanwó sí, ọjọ́ àti aago. Ímeèlì ni kó fi ránṣẹ́ sí yín lódindi, torí àwòrán ojú fóònù kì í fi ọ̀nà tí ímeèlì gbà wá hàn. Bó ti wù kí ojú tì í tó, kó má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ́.

Bó bá ti sanwó, kó pe báǹkì tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n lè bá a kàn sí báǹkì tó gba owó náà. Ẹ̀yin ò lè ṣe ìyẹn fún un. Èyí tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ kọ lẹ́tà fún un pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ gbà á síṣẹ́. Á wúlò fún un ní báǹkì àti lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá.

Ó ku ẹjọ́ tiyín. Ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, NPF-NCCC, tàbí sí EFCC. Òfin Cybercrimes ti ọdún 2015 ka fífi orúkọ ẹlòmíràn ṣe jìbìtì sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí lẹ́tà náà bá sì ń pe èèyàn síbi tí kì í ṣe ọ́fíìsì yín, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Ní ọdún 2021, ní Uyo, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ ayédèrú ni wọ́n fi tan Iniubong Umoren jáde nílé, tí wọ́n sì pa á.

Ẹ ní kí àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà yín ṣètò SPF, DKIM àti DMARC, ètò mẹ́ta tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀dọ̀ yín ni ímeèlì tó ń jẹ́ orúkọ yín ti wá lóòótọ́. Kí wọ́n gbé DMARC dé "reject", kó lè kọ èyí tí kò ti ọ̀dọ̀ yín wá. Bó bá wà ní "none", wíwò lásán ló ń wò. Àmọ́ kò lè dí ẹni tó ra orúkọ ìkànnì tó jọ tiyín, tó kàn fi "careers" kún un. Fún ìyẹn, ẹ wo WHOIS, àkọsílẹ̀ orúkọ ìkànnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ mọ ilé-iṣẹ́ tó ta orúkọ náà, kí ẹ fẹjọ́ sùn wọ́n pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí CAC yín. Bó bá jẹ́ .ng ló gbẹ̀yìn rẹ̀, NiRA, ẹgbẹ́ tó ń rí sí orúkọ ìkànnì Nàìjíríà, ló ń mójú tó o.

Àwọn ọ̀gá fẹ́ràn ìkéde ìwé ìròyìn, gẹ̀ẹ́sì lọ́yà rẹpẹtẹ. Ta ló ń kà á nínú àwọn tó ń wáṣẹ́? Ojú ewé iṣẹ́ lórí ìkànnì yín ni kí ẹ kọ ọ́ sí, àti òkè Facebook àti LinkedIn yín, ní Yorùbá àti Píjìn pẹ̀lú: ibi kan ṣoṣo tí ẹ ti ń polongo iṣẹ́, àdírẹ́sì ímeèlì kan ṣoṣo, àti pé ẹ kì í gba kọ́bọ̀, ì báà ṣe ti fọ́ọ̀mù, ti yunifọ́ọ̀mù tàbí ti àyẹ̀wò ara. Bí ẹ bá gbé lẹ́tà náà síta, ẹ kọ AYÉDÈRÚ gàdàgbà sójú rẹ̀, kí ẹ sì pa orúkọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí rẹ́.

Ìkéde yìí ò ní wúlò bí àwọn tiyín gan-an bá ń fi Gmail pe èèyàn wá sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tàbí tí aṣojú yín ń gba owó fọ́ọ̀mù. Báwo ni ọmọ ọlọ́mọ ṣe máa mọ ìyàtọ̀? Ẹ sì wò ó bóyá ojúlówó ni orí lẹ́tà àti orúkọ ọ̀gá tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wádìí nínú ilé.

Ẹ má ti fáìlì náà pa. Bí nọ́ńbà akáǹtì kan náà bá tún yọ nínú lẹ́tà mìíràn, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá lábẹ́ nọ́ńbà ẹ̀sùn ti àkọ́kọ́.