Bí Mo Ṣe Wá Jẹ́lé-ó-sinmi tó Dára fún Ọmọ Mi

Nígbà tí ọmọbìnrin mi pé ọdún mẹ́ta, jẹ́lé-ó-sinmi àkọ́kọ́ tí mo rí ni mo mú un lọ. Ilé náà mọ́, ògiri rẹ̀ kún fún àwòrán aláràbarà, wọ́n sì fi dá mi lójú pé láàárín oṣù mẹ́ta, ọmọ yóò máa kọ A dé Z láìwo ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Inú mi dùn. Mo gbà pé mo ti ṣe ojúṣe mi.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ojú mi là. Ọmọ tí kì í dákẹ́ láti àárọ̀ dálẹ́ kò sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá bi í pé kí ni wọ́n ṣe lónìí, á ní, "A jókòó." Mo ṣí ìwé rẹ̀ wò. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló kún ojú ewé méjìlélógún, wọ́n sì fi bírò pupa fa ìlà sí gbogbo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti wọ́. Lọ́jọ́ kan tí mo tètè lọ mú un, mo bá ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú yàrá kan pẹ̀lú olùkọ́ kan. Olùkọ́ náà kò rorò, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Àmọ́ gbogbo ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni "Ẹ dákẹ́," "Jókòó," "Ta ló ń pariwo?" Mo mú ọmọ mi kúrò níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, mo sì pinnu pé n kò ní fi ojú lásán yan òmíràn.

Kí n tó tún jáde, mo kàwé. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré yìí ń ṣe wọ́n láǹfààní lóòótọ́, tàbí kí n kàn jẹ́ kó wà nílé títí yóò fi tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí Perry ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Ìlú Ypsilanti ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1962. Ọmọ 123 láti ìdílé tí kò rí jájẹ ni wọ́n pín bí ẹni ṣẹ́ kèké: 58 lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, 65 kò lọ. Wọ́n wá ń tọpa wọn títí wọ́n fi di ẹni ogójì ọdún. Nínú àwọn tó lọ, àwọn tó parí ilé ẹ̀kọ́ girama pọ̀ ju ti apá kejì lọ, owó tó ń wọlé fún wọn pọ̀ jù, ọwọ́ ọlọ́pàá kò sì bà wọ́n tó bó ṣe ba àwọn kejì.

Ibi tí mo ti dúró ronú jù nìyí: máàkì ìdánwò òye tí àwọn ọmọ náà kọ́kọ́ fi ta àwọn yòókù yọ ti pòórá láàárín ọdún díẹ̀. James Heckman, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2000, ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ náà, ó sì sọ pé ìwà wọn ni ètò náà tún ṣe, ohun tó sì gbé wọn dé ibi tí wọ́n dé nìyẹn ju ìmọ̀ ìwé lọ. Mo wá béèrè lọ́wọ́ ara mi pé kí ni wọ́n ń ṣe nínú yàrá yẹn? Àwọn olùkọ́ tó gboyè ni, ọmọ bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà ló wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, olùkọ́ sì ń lọ bá ọmọ àti ìyá rẹ̀ nílé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lójoojúmọ́, ọmọ á kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́ ṣe, á ṣe é, á sì padà wá sọ bó ṣe rí.

Ìwádìí kejì dẹ́rù bà mí. Ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ní Amẹ́ríkà kan náà, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọmọ ni wọ́n tọpa, àwọn kan lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi tí ìjọba ṣètò, àwọn yòókù kò lọ, wọ́n sì gbé àbájáde ti kíláàsì kẹfà jáde ní 2022. Lóòótọ́, àwọn ọmọ tó lọ sí ètò ìjọba náà ṣíwájú ní òpin ọdún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi dé kíláàsì kẹfà, wọ́n ti rẹ̀yìn sí àwọn tí kò lọ, nínú ìdánwò àti nínú ìwà pẹ̀lú. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó yé mi wàyí pé orúkọ jẹ́lé-ó-sinmi kò ní agbára kankan. Ohun tí àgbà àti ọmọ jọ ń ṣe láàárín ògiri ló lágbára, ó lè tún ọmọ ṣe, ó sì lè bà á jẹ́. Mo rántí "A jókòó," ó sì dùn mí.

Bí mo ṣe ṣe ìyókù nìyí. Mo fa ìlà sórí bébà kan, mo pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ wà fún àṣẹ: "Dìde," "Má fọwọ́ kàn án." Ìkejì wà fún ìbéèrè tí olùkọ́ ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kó tó béèrè: "Àwọ̀ wo nìyí?" Ìkẹta wà fún ìtàkùrọ̀sọ: ọmọ sọ̀rọ̀, àgbà fèsì sí ohun tí ọmọ sọ gan-an, ọmọ tún sọ̀rọ̀. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Harvard fi ìkẹta yìí wé eré tẹníìsì, tí ọmọ gbá bọ́ọ̀lù tí àgbà sì gbá a padà. Wọ́n ní lílọ-bíbọ̀ yẹn ló ń kọ́ ọpọlọ ọmọ. Mo wá ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó sí kọ̀rọ̀ kíláàsì fún wákàtí kan. Wákàtí kan kò pọ̀, wákàtí mẹ́ta ni àwọn tó ń fi ECERS, ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń mọ bí kíláàsì ọmọ kékeré ṣe dára tó, yẹ kíláàsì wò máa ń lò.

Ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ní òbí kì í wọ kíláàsì. Mo dúpẹ́, mo sì kúrò.

Ìkejì rẹwà gan-an, tábúlẹ́ẹ̀tì wà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wákàtí pé, àṣẹ mọ́kànlélógójì ló wà lórí bébà mi, ìbéèrè mọ́kàndínlógún, ìtàkùrọ̀sọ méjì péré. Ọmọkùnrin kan gbé kòkòrò kan wọlé láti ìta, ó rọra dì í mọ́wọ́ bí ẹyin, ó ń sáré lọ fi han olùkọ́. "Jù ú nù, lọ fọwọ́ ẹ." Mo rí bí ojú ọmọ náà ṣe yí padà. Ọwọ́ tó yẹ kó fọ̀, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹsẹ̀ mélòó ni kòkòrò náà ní? Níbo ló ti rí i? Ẹ̀kọ́ odidi òwúrọ̀ kan ló wà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, wọ́n sì gbá a dànù.

Ìkẹta kò ní ohun tí èèyàn lè fi yangàn. Ọ̀dà ògiri ti ń ṣí, àyè ìta kò fẹ̀. Ọmọ mẹ́rìnlá, olùkọ́ méjì. Ọmọbìnrin kan ń to búlọ́ọ̀kù, ó wó, ó figbe ta. Olùkọ́ kúnlẹ̀ tì í, kò bá a tò ó. Ó ní, "Ó wó! Kí lo rò pé ó fà á?" Ọmọ náà ronú fúngbà díẹ̀. "Èyí tó tóbi ló wà lókè." "Ó dáa, níbo lo fẹ́ kó wà báyìí?" Wọ́n bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ní kọ̀rọ̀ kejì, àwọn mẹ́ta ń ṣe dókítà àti aláìsàn, wọ́n ń jà lórí ẹni tí yóò gba abẹ́rẹ́, olùkọ́ kejì sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti yanjú rẹ̀ láìgba ìdájọ́ ṣe fún wọn. Ìtàkùrọ̀sọ mẹ́tàlélógún ni mo kọ sílẹ̀. Ojú mi kún fún omijé níbi tí mo jókòó sí.

N kò torí ìyẹn sanwó lójú ẹsẹ̀. Mo bi ọ̀gá wọn pé olùkọ́ mélòó ló ti fi wọ́n sílẹ̀ láàárín ọdún méjì. Ó ní méjì nínú márùn-ún, torí owó oṣù. Mo fẹ́ràn pé kò purọ́ fún mi. Ẹ má ṣe fo ìbéèrè yìí o, torí ọmọ ọdún mẹ́ta tí olùkọ́ rẹ̀ ń yí padà lóṣooṣù kò ní ẹni tó lè gbẹ́kẹ̀ lé. Mo béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́tà A dé Z. Ó fi àwòrán àwọn ọmọ hàn mí: ọmọ á sọ ìtàn àwòrán rẹ̀, olùkọ́ á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, wọ́n á jọ kà á.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi gbọ́, wọ́n ní, "Ṣé eré ni ẹ óò máa sanwó fún?" Mo ní, "Mà, ọmọ tó ń ṣe dókítà gbọ́dọ̀ rántí pé dókítà ni òun, kó dúró de ẹni tó kàn, kó má sì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kejì bó tilẹ̀ ń wù ú. Ta ló tún lè kọ́ ọ ní ìkóra-ẹni-níjàánu lọ́nà tó rọrùn bẹ́ẹ̀?" Wọ́n wò mí títí. "Ká máa wò ó," ni wọ́n wí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá a jókòó níbẹ̀ kí n tó fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, lẹ́yìn náà wákàtí méjì, lẹ́yìn náà odidi òwúrọ̀. Ó sunkún lọ́jọ́ kẹrin. Olùkọ́ gbé e, kò sọ fún un pé kó dákẹ́, ó ní, "O fẹ́ Mọ́mì. Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn tí a bá ti eré ìta dé."

Lẹ́ẹ̀kan ní táàmù kọ̀ọ̀kan, mo ṣì máa ń lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ yẹn pẹ̀lú bébà mi. Ní táàmù tó kọjá, ìtàkùrọ̀sọ já wálẹ̀ sí mẹ́sàn-án, torí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ń ṣàìsàn, ẹnì kejì ló ń dá mójú tó gbogbo wọn. Mo fi bébà náà han ọ̀gá wọn. Ó gba ẹ̀dà rẹ̀ kan lọ́wọ́ mi, nígbà tó sì fi di ọjọ́ Ajé, ó ti mú ẹnì kan wá ràn wọ́n lọ́wọ́.