Àgbéyẹ̀wò ni mo ṣe, wọ́n ní mo jí fíìmù

Ìbéèrè: Mo máa ń ṣe àgbéyẹ̀wò fíìmù Yorùbá lórí YouTube, mi ò sì tíì rí kọ́bọ̀ nídìí ẹ̀. Wọ́n wá fi íméèlì ránṣẹ́ sí mi pé mo lo iṣẹ́ oníṣẹ́ láìgba àṣẹ. Ṣé ìkànnì mi ti bàjẹ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì jáyà. Ẹ tún íméèlì náà kà, torí oríṣi méjì ni. Tó bá jẹ́ Content ID, ẹ̀rọ ló rí i pé àwòrán tàbí ohùn inú fídíò yín bá ti ẹlòmíì mu. Owó ìpolówó lè máa lọ sápò oní-fíìmù, tàbí kí wọ́n dí fídíò náà pa, àmọ́ kò ní ṣe ìkànnì yín ní nǹkan kan. Ẹ lè takò ó; oní-fíìmù á ní 30 ọjọ́ láti fèsì. Tó bá jẹ́ strike, ìyẹn ìkìlọ̀ tí YouTube fi sórí ìkànnì yín, ẹnì kan ló kọ̀wé pé kí wọ́n yọ fídíò náà. Ìyẹn le: mẹ́ta láàárín 90 ọjọ́, wọ́n lè ti ìkànnì pa.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé èmi kọ́ ni mo ni fíìmù náà.

Ìdáhùn: Gbólóhùn yẹn kì í gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Abala 20 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ 2022 ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù lóṣù kẹta ọdún 2023, gbà kí èèyàn mú lára iṣẹ́ oníṣẹ́ fún ìwádìí tí kò ní èrè nínú, fún lámèyítọ́ àti àgbéyẹ̀wò. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ iṣẹ́ náà àti ẹni tó ṣe é. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wo ohun tí ẹ fi ṣe, irú iṣẹ́ tó jẹ́, bí ohun tí ẹ mú ṣe pọ̀ tó, àti bóyá ó máa pa ọjà olówó rẹ̀ lára. Àìpawó ràn yín lọ́wọ́, kò dá yín láre.

Ìbéèrè: Wọ́n ní tí kò bá ti ju 30 ìṣẹ́jú-àáyá lọ, kò séwu.

Ìdáhùn: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Òfin ò dárúkọ iye kankan. Ní 1985, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ìwé ìròyìn The Nation lẹ́bi torí nǹkan bí 300 ọ̀rọ̀ tó yọ nínú ìwé Gerald Ford, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, tí kò tíì jáde, ìwé tó tó 200,000 ọ̀rọ̀. Ọkàn ìwé náà gan-an ni wọ́n mú.

Ká ní fíìmù ogun àtijọ́ ni, aago sì ń dán lọ́wọ́ jagunjagun kan. Ẹ fi ibẹ̀ hàn, ẹ dá a dúró, ẹ sọ ohun tó bàjẹ́ nínú ìtàn náà. Àgbéyẹ̀wò nìyẹn. Àmọ́ kí fíìmù máa lọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ jókòó sí kọ̀rọ̀ kan máa rẹ́rìn-ín, ẹni tó wo tiyín, kí ló tún fẹ́ lọ wò lọ́dọ̀ olówó fíìmù? Èmi ò ní bá yín gbèjà irú ẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni kí n ṣe kọ ìtakò náà?

Ìdáhùn: Kó ṣe ṣókí. Ẹ kọ ibi tí apá náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, àti ohun tí ẹ sọ nípa ẹ̀. Ẹ má bú wọn. Tó bá jẹ́ orin abẹ́ ọ̀rọ̀ yín ni ẹ̀rọ mú, ẹ yáa yọ ọ́. Ẹ ò kúkú sọ nǹkan kan nípa orin.

Ti strike yàtọ̀. Ìwé òfin ni ìtakò tiẹ̀: orúkọ àti àdírẹ́sì yín á dé ọwọ́ onítọ̀hún, ẹ sì ti gbà pé ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà lè gbọ́ ẹjọ́ náà, bí Òṣogbo lẹ tilẹ̀ ń gbé. Á ní 10 ọjọ́ iṣẹ́ láti fi hàn pé òun ti pẹjọ́.

Ìbéèrè: Àbúrò mi ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí ìwé Fágúnwà. Ṣé ìwé àtijọ́ ò ti di ti gbogbo ayé?

Ìdáhùn: Ó tì o. 1963 ni Fágúnwà kú, òfin sì ka 70 ọdún láti ìparí ọdún yẹn, ó di ìparí 2033. Kó yọ ìpínrọ̀ tó fẹ́ tú palẹ̀, kó kọ ojú ìwé sí i. Kó má ṣáà da odindi ìwé kọ, kó tún máa tà á fáwọn ará kíláàsì.