Ajá tó ti darúgbó: bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nílé

Ajá tó ń fo fẹ́ǹsì lánàá ti ń ronú kó tó gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ará ilé á ní, "Ó ti gbó ni," wọ́n á sì fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń kó bá ọ̀pọ̀ ajá ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Oríkèé tó ń ro ó, eyín tó ti jẹrà, kíndìnrín tó ń kọṣẹ́, gbogbo wọn ló máa ń jọ ogbó lójú ẹni tí kò wò ó dáadáa, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ìtọ́jú.

Ajá ńlá bíi Alsatian ti di àgbà láti ọmọ ọdún 7. Àwọn kéékèèké lè tó ọdún 10 kí á tó pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ẹ máa mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ má sì yẹ̀. Ohun mẹ́ta wà tí ẹ̀yin fúnra yín lè máa wọ̀n nílé.

Omi ni àkọ́kọ́. Láàárọ̀, ẹ da píọ̀ wọ́tà ọ̀rá 4, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl, sínú abọ́ tí ẹran mìíràn kò lè dé ìdí rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ wọn èyí tó ṣẹ́kù. Ajá tó wúwo tó kìlò 20 kì í sábà mu ju lítà 1 àti díẹ̀ lọ lóòjọ́. Ooru lè mú kó fi díẹ̀ lé e. Bó bá wá ń gbẹ ọ̀rá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán fún ọjọ́ 2 tàbí 3, ẹ má di ẹ̀bi ru oòrùn. Ó lè jẹ́ kíndìnrín, ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ. Bó bá jẹ́ abo tí wọn kò yọ ilé ọmọ rẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọyún ti kún inú ilé ọmọ náà. Ìyẹn sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 lẹ́yìn ìgbà tó fẹ́ akọ, kò sì gbọdọ̀ di ọ̀la: iṣẹ́ abẹ ló ń fẹ́. Ẹ má torí pé ó ń tọ̀ kiri ilé gba omi lẹ́nu rẹ̀ o. Ara tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára kò lè dá omi dúró. Ẹ bá gba èyí tó ń mu, gbígbẹ ló máa gbẹ.

Èémí ló tẹ̀ lé e. Nígbà tó bá sùn fọnfọn lóru, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀, ẹ ka iye ìgbà tó gbé sókè láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bó bá ń ju 30 lọ lóru bíi mélòó kan, ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró ni kí ẹ fura sí. Ẹ má kà á lọ́sàn-án nígbà tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ìwúwo rẹ̀ rọrùn: ẹ gbé e mọ́ra, ẹ gun òṣùwọ̀n, ẹ yọ tiyín kúrò. Èyí tí kò ṣeé gbé, òṣùwọ̀n àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ wà. Ajá kìlò 20 tó di 18 láìjẹ́ pé ẹ dín oúnjẹ rẹ̀ kù ń ṣàìsàn.

Táìsì ni ọ̀tá oríkèé. Ẹsẹ̀ á máa yọ̀, ẹ̀rù á bà á, kò ní fẹ́ dìde mọ́, iṣan itan á sì máa rù. Ẹ gé kápẹ́ẹ̀tì àlòkù, ẹ tẹ́ ẹ láti ibi tó ń sùn dé ìdí abọ́ rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Kó má sùn lórí símẹ́ńtì lásán, egbò á yọ sí ìgúnpá rẹ̀. Fóòmù tó nípọn tó íǹṣì 4, tí ẹ fi ọ̀rá wé kí ìtọ̀ má wọ̀ ọ́, ló dára. Èyí tí kò lè dìde mọ́, ẹ máa yí i padà ní wákàtí 4-4.

Ní ti oògùn, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: oògùn ara ríro tiyín kì í ṣe tirẹ̀. Ibuprofen àti diclofenac máa ń dá egbò sí ikùn ajá, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Aspirin àti kaféènì ló wà nínú Alábùkún, nítorí náà kó má dé ẹnu rẹ̀. Ológbò tiẹ̀ burú jù: parasitámọ́ọ̀lù ẹyọ 1 lè pa á. Oògùn ìrora ajá wà lọ́wọ́ dókítà, ìwúwo ajá ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀.

Oúnjẹ kò le. Ẹja kò wọ́n wa, ṣùgbọ́n ẹ sè é láìsí iyọ̀, ata, mágì tàbí àlùbọ́sà (àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́), kí ẹ sì fọwọ́ ṣa eegun rẹ̀, pàápàá ti èpìyà. Ẹ pín oúnjẹ òòjọ́ sí ọ̀nà 2 tàbí 3. Bí kò bá fẹ́ jẹun, ẹ mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí òórùn rẹ̀ lè jáde. Bó bá gbé oúnjẹ tó tún jù ú sílẹ̀, ẹ ya ẹnu rẹ̀ wò. Eyín ló sábà máa ń jẹ́.

Èékánná rẹ̀ kò ní máa jẹ mọ́ nítorí kò rìn tó tẹ́lẹ̀. Ẹ máa gé ṣóńṣó orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ṣẹ̀jẹ̀, ẹ tẹ fúláwà mọ́ ọn.

Bí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti omi, ti èémí àti ti ìwúwo, sórí ìwé, kí ẹ sì fi fóònù ya fídíò bó ṣe ń rìn láàárọ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ajá tó ń tiro nílé lè gbàgbé ìrora bó bá dé àárín àlejò, kó máa yan fanda.